Ẹni Tí A Kà Mọ́ Ẹbí

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní àdúgbò wa ní Benson, ní Ìkòròdú, kí àwọn ẹlẹ́kọ tó gbé ìkòkò kaná, nígbà tí ìkúùkù tí ń ti ọ̀sà bọ̀ ṣì bo títì tí ó lọ sí Èkó mọ́lẹ̀, ohùn kan a máa jáde láti yàrá kejì nínú ilé mi, ohùn tí ó ki, tí ó dọ́gba, tí kò yára tí kò sì falẹ̀, a sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé: Benson, Agric, Májídùn, Ìráwọ̀, Máìlì 12, Kẹ́tu, Ọjọ́tà. Àlejò tí ó bá sùn sí ilé wa fún ìgbà àkọ́kọ́ a rò pé kọ́ńdọ́ dáńfó kan ni ó ṣìnà wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni, Àlàó, àbíkẹ́yìn mi, ẹni tí kò pè mí ní bàbá títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n tí ó ti mọ orúkọ àwọn ibùdókọ̀ wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Ìkòròdú ni ó mọ̀ pé a kì í dárúkọ Benson kí ọkàn má lọ sọ́dọ̀ Olóyè Theophilus Owólabí Ṣóbọ̀wálé Benson, T.O.S. tí àwọn baba wa máa ń pè é tìfẹ́tìfẹ́, ọmọ Ìkòròdú tí a bí ní 1917, tí ó di agbẹjọ́rò, tí ó di mínísítà ètò ìròyìn ní ìjọba àpapọ̀, tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2008. Orúkọ agbẹjọ́rò, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ kìíní tí ó jáde lẹ́nu ọmọ mi, mo sì ti fi èyí sọ́kàn láti ọjọ́ náà, nítorí láti ìgbà tí a ti bí Àlàó, ẹjọ́ ni mo ń rò: mo rò ó níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo rò ó níwájú wòlíì àti ààfáà, mo rò ó níwájú àwọn ẹbí tèmi, èyí tí ó sì le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí mo rò níwájú ara mi, lórí ọ̀ràn kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó bá ti ọmọ mi tan, èyíinì ni ọ̀ràn ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìgbéyàwó àti ẹni tí a ní kò ní.

Ohun tí ó ń ṣe Àlàó ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe wárápá, kì í ṣe àrùn tí ń ranni; bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ayé wọlé ni ó yàtọ̀ sí tiwa. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tí èmi àti ìyá rẹ̀ ń sùn tì a máa gún un létí bí abẹ́rẹ́. Aṣọ tí a bá lọ̀ tí ó le a máa yún un lára bí wèrèpè. Bí a bá yí ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ọjà padà, ó lè jókòó sílẹ̀ ní etí títì kí ó máa sunkún títí òòrùn yóò fi wọ̀. Ṣùgbọ́n kò tí ì purọ́ fún mi rí, kò sì tí ì mú ohun olóhun rí, n kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú àwọn tí mo bí.

Ní 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn ọmọ mọ́kànlá kan tí ó rí bí Àlàó ti rí, láti ìgbà náà ni ọ̀ràn náà sì ti ní orúkọ. Ṣùgbọ́n kàkà kí orúkọ mú ìtura wá, ẹ̀bi ni ó mú wá, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń wí fáyé gbọ́ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó, ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù bí omi yìnyín, ni ó sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ni ó dìde sí irọ́ yìí. Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tẹ ìwé jáde ní 1964 láti fi hàn pé inú ara àti ọpọlọ ni ọ̀ràn náà ti wá, kì í ṣe láti ọwọ́ ìyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lorna Wing, dókítà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti wà lára àwọn òbí tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1962. Nígbà tí mo kà nípa wọn, omi bọ́ lójú mi, nítorí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà wí nígbà náà lọ́hùn-ún gan-an ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wí ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, ọmọ ẹlẹ́ja tútù tí ń ta yọ̀yọ̀ nínú agbọ̀n. Wọ́n ní ẹja tí ó jẹ nínú oyún ni. Wọ́n ní ìrìn ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó wà nínú ìdílé rẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀, nítorí mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ lóru.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níhìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mo gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì ní ẹ̀mí àìrí ni ó di ahọ́n rẹ̀. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án, èmi bàbá rẹ̀ ni mo sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ní òru kẹta kò sunkún mọ́. Ó wò mí lójú, òun tí kì í wo ẹnikẹ́ni lójú, ojú náà kò sì bínú, ńṣe ni ó ń béèrè. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sí èjìká, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn délé nínú òkùnkùn, láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lílù kàn án mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò lè burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tèmi kò tilẹ̀ burú, síbẹ̀ èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Ó dùn mí pé mo ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí n tó padà wá bá ohun tí àwọn baba ńlá wa ti fi lélẹ̀. Ọbàtálá, Ọ̀ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀màgbò, alámọ̀ tí ń mọ ojú tí ń mọ imú, ni wọ́n ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ abuké àti arọ àti àfín, wọ́n sì pè wọ́n ní ẹni òrìṣà kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tí ó bá fi ìkòkò rẹ́rìn-ín, amọ̀kòkò ni ó fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mùsùlùmí ni ìyàwó mi, kò sí èyí tí ń bọ Ọbàtálá nínú wa. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ìwàásù kan ní ọjọ́ Ìsinmi tàbí ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ju èyí lọ. N kò ní tìtorí rẹ̀ purọ́ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n ń fi abẹ kọ òkú àbíkú lára, ìtàn sì sọ pé ìgbà kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbejì jẹ́ èèmọ̀ tí a kì í tọ́, kí ọkàn àwọn ènìyàn tó yí padà, tí wọ́n fi di ẹdúnjọbí tí í sọ alákìísà di aláṣọ, tí ìyá wọn ń jó kiri ọjà pẹ̀lú wọn. Ìyípadà ọkàn yìí ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnìkan bá ní àṣà kì í yẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo kàn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dá wa padà. Ọ̀gá obìnrin kan tí ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá kí ẹ tó mú un wá.” N kò bínú sí i, mo padà lọ sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ní 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ìjọba Èkó ṣe òfin kan fún àwọn tí wọ́n pè ní ènìyàn àkànṣe, wọ́n sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó o, òfin náà sì sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àìpé ara dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e síwájú ọ̀gá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó kà á, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ó gba Àlàó. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó mọ bí a ti í kọ́ ọ, nítorí náà ọmọ náà jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì fún odidi ọdún kan, ó ń ka ibùdókọ̀.

A ń rìn kiri. A lọ sí Akọ́ka, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí a fi sọrí Modúpẹ́ Cole ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn yàtọ̀. A lọ sí Ìkẹjà, níbi tí Dọ̀tun Akande, ìyá tí ọmọkùnrin tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní 2006, nítorí pé kò rí ibi tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. A jókòó láàárín àwọn òbí tí ó kún inú gbọ̀ngàn ní ìpàdé tí báńkì Guaranty Trust ń ṣe lọ́dọọdún lórí ọ́tísíìmù nígbà náà, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìkòròdú ní ìgbà náà, kí ọkọ̀ BRT tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 2015, yóò mọ ohun tí ó jẹ́ láti di ọmọ tí kò lè fara da ariwo mú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta ní àlọ àti mẹ́ta ní àbọ̀. Kò ṣeé ṣe títí. A wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ kíkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó gbà láti máa wá sí ilé wa lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. N ó padà sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi àgbà, Àbẹ̀kẹ́, ni ọ̀ràn ìgbéyàwó kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà mọ̀ pé kí a tó dá ọjọ́ ìdána, ìwádìí a ti lọ, ìwádìí a ti bọ̀: ǹjẹ́ wèrè kò sí nínú ìdílé yẹn, ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ kò sí, ǹjẹ́ wárápá kò sí, ǹjẹ́ olè kò sí? Ọgbọ́n ni àwọn àgbà fi ṣe é, kí a má baà ra ológbò inú àpò. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí bí ó ti ń rí lára ẹni tí a ń wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a mú Àlàó lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ tí àwọn àna fẹ́ wá mọ̀ wá. Mo gbà. Mo fúnra mi gba ọ̀nà Ìtóìkín gbé e lọ, mo sì padà wá wọ agbádá. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó bi mí, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ọmọ mélòó ni Olúwa fi ta mí lọ́rẹ, mo sì dáhùn pé, “Mẹ́ta ni, ẹ̀yin àna wa.”

Wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó wá. Ẹnìkan ti bi obìnrin tí ń dín àkàrà ní ìkòríta wa. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àdúrà tí àwọn gbà kò gbè é. Mo wọ yàrá láti tu Àbẹ̀kẹ́ nínú, ó sì wò mí, ó ní, “Bàbá, n kò sunkún nítorí ọkọ. Ẹ ní ọmọ mẹ́ta.”

Ó ti wà nílé ọkọ báyìí, lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ pé Àlàó ni ó kọ́kọ́ kí ní ọjọ́ tí ó wọlé wa, ó sì ti bímọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò kúrò lára mi. Mo tún ṣí ìwé òfin, mo sì rí i nínú òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ tí Nàìjíríà ṣe ní 1970, ní abala karùn-ún, pé a lè fagi lé ìgbéyàwó bí ó bá hàn pé, ní ọjọ́ tí a so ó, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ní àbùkù, tàbí ẹni tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Ìwádìí àwọn àna mi, nígbà náà, kò dá dúró. Ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Bẹ́ẹ̀ sì ni Nàìjíríà kan náà ni ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2010, ìwé tí ó sọ ní abala kẹtàlélógún pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tó ọkọ fẹ́ tàbí tó aya gbé, àìpé ara kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ láti ní ilé tirẹ̀ bí òun àti ẹni tí ó yàn bá fẹ́ ara wọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn ń pàdé ní pálọ̀ mi ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Àlàó pẹ̀lú kì í sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fún Àlàó ní pọ́fù-pọ́fù, a máa yọ ìdajì sọ́tọ̀ sínú bébà, a sì máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ọmọbìnrin náà yóò fi dé. Bóyá ibi tí ó mọ nìyẹn. Bí kò bá sì mọ níbẹ̀, ta ni yóò sọ fún wọn pé wọn kò tó ẹni tí ń fẹ́ra?

Mo rí ẹjọ́ kan pẹ̀lú, ẹjọ́ Cole àti Cole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1898. Ọkùnrin ará Èkó kan ti fẹ́ aya ní alárédè ní Sàró, ó padà wálé, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi opó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Àbúrò òkú dìde, ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà, òun ni àrólé, òun ni yóò sì máa ṣe olùtọ́jú ọmọ náà. Ilé-ẹjọ́ gíga wá wí pé nítorí irú ìgbéyàwó tí ó so ìyá mọ́ bàbá, àṣà kọ́ ni yóò pín ogún náà. N kò sọ pé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì dára ju àṣà wa lọ. Òfin ìgbéyàwó tí wọ́n gbé wá sí Èkó ní 1884 náà ni ó sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé di ẹni tí kò tó alárédè, tí ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn baba wa sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ogún pínpín. Ohun tí mo rí nínú ẹjọ́ náà ni pé ìgbéyàwó ju aṣọ òkè àti ìlù lọ. Òun ni òfin fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹbí: ẹni tí yóò bu ọwọ́ lùwé nílé ìwòsàn, ẹni tí a kò lè lé jáde nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹni tí yóò di ọwọ́ ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ mú.

Wàyí o, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ náà. Òun ni ó kọ́ Àlàó láti de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, iṣẹ́ oṣù méje. Òun ni ó kíyè sí i pé ọmọ náà kò ní yí orí sí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ké “Benson!” ní ohùn kọ́ńdọ́, yóò yí orí, ó sì ti ibẹ̀ wọlé, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn orúkọ ibùdókọ̀, omi, oúnjẹ, ó tó, títí ó fi dé orí bàbá. Ọjọ́ tí ọmọ mi pè mí ní bàbá, olùkọ́ rẹ̀ ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ni ó gbìn ín. Ní ọjọ́ keje oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún àwọn tí ó bá so ó, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí tàbí tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú oṣù kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá sọ́dọ̀ mi ní alẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo fẹ́ máa lọ. Ẹ má bi mí ní ìdí, kí ẹ má baà ní ohun tí ẹ ó fi pamọ́ fún mi.” Mo mọ̀. Mo súre fún un, mo fún un ní owó ọkọ̀, n kò sì ní ìgboyà láti sọ fún un pé mo mọ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ̀ dé láti London, pẹ̀lú àwòrán: òun àti ọkùnrin kan, wọ́n wọ fìlà àti agbádá aláwọ̀ kan náà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù tí a ti so wọ́n pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2014, kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n dè é. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, South Africa ti gbà á láti 2006. Ẹ̀gbọ́n mi rí àwòrán náà lórí tábìlì, ó ní kí n sun ún. Ó ní kì í ṣe àṣà wa, òyìnbó ni ó kó o wá. Mo rán an létí pé nínú òfin ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó náà gbé kalẹ̀ fún wa ni ẹ̀wọ̀n irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ wà, àti pé Bísí Àlímì tí ó jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá lórí NTA ní 2004 láti sọ ẹni tí òun í ṣe, ọmọ Múṣin ni, kì í ṣe ọmọ London. Ó ní ó jẹ́ ẹ̀mí àìrí. Nígbà tí ó sọ èyí, ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe ohùn rẹ̀ mọ́. Ohùn àwọn tí ó di ìgbálẹ̀ mú ní òru mẹ́ta yẹn ni.

Mo ti kà á pé ọwọ́ kan náà ni ó na àwọn ọmọ bí Àlàó àti àwọn ọmọ bí olùkọ́ rẹ̀. Ole Ivar Lovaas, olùkọ́ ní yunifásítì ní Los Angeles, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, tí lílù ọmọ sì wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bá George Rekers kọ̀wé ní 1974 nípa ọmọkùnrin kékeré kan tí ń ṣe bí obìnrin, tí wọ́n fi irú ọ̀nà yìí kan náà lé ìwà náà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ròyìn pé ó ti yí padà. Ọmọ náà dàgbà, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 2003. Nígbà tí mo ka èyí, mo dìde, mo lọ sí yàrá kejì, mo wo Àlàó níbi tí ó ti ń to ìdérí ìgò, mo sì mọ̀ pé n kò lè gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń na ọmọ tèmi kí n sì gbé e lé wọn lọ́wọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀ràn náà ti yé mi. A tọ́ mi dàgbà pé ọkùnrin ní í gbé obìnrin níyàwó, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, ọpẹ́ mi kò sì lè tán lórí obìnrin Ẹ̀pẹ́ tí mo gbé. N kò ní kí bíṣọ́ọ̀bù kankan tàbí lémọ́mù kankan so ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó so. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, mọ́sálásí ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù jẹ́ ti gbogbo wa, owó orí gbogbo wa ni a fi kọ́ ọ. Bí mo bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ìjọba kí n máa ké pé kí a ka ọmọ mi mọ́ ènìyàn, kí a má tìtorí bí a ti dá a lé e kúrò nílé-ẹ̀kọ́, kí a má tìtorí rẹ̀ fagi lé ìgbéyàwó rẹ̀, èwo ni n ó sọ nígbà tí ọmọ mìíràn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà? Ní 2018, àwọn ọlọ́pàá tìtorí òfin 2014 yẹn kó àwọn ọkùnrin kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹgbẹ́dá. Àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ ìbí ni àwọn ń ṣe. 47 nínú wọn ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, ọdún méjì kọjá, olùpẹ̀jọ́ kò rí ẹ̀rí mú wá, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní 2020. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí ojú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ìyá, mo sì ń ronú nípa ìyá wọ̀nyẹn, nítorí mo mọ bí ẹkún tí a sun ní kọ̀rọ̀ ti í rí.

Nítorí náà, mo dá a ní ẹjọ́ tèmi. Mo kọ̀wé padà sí London, mo ní inú mi dùn, mo ní kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ pẹ́ fún ara wọn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí ìdákẹ́jẹ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà jì mí. Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Benson, ní ẹ̀gbẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́ àti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tí ì wá sílé wa láti ìgbà náà. Àlàó mọ àwòrán náà, bí ó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa fi ìka kàn án, a sì máa wí pé, “Omi. Oúnjẹ. Ó tó.”

Mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin wa ní Abújá, kí ẹ yọ abala karùn-ún yẹn kúrò lára àwọn ọmọ bí Àlàó, kí ẹ sì mú ẹ̀wọ̀n ọdún 14 náà kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ bí olùkọ́ rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òbí ní Ìkòròdú, ní Ìmọ̀tà, ní Àgbọ̀wà títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kan tí ẹ ń gbé pamọ́ nígbà tí àna bá ń bọ̀, pé nígbà tí wọ́n bá bi yín léèrè iye ọmọ tí ẹ bí, kí ẹ kà wọ́n pé. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Àlàó ni àbíkẹ́yìn wọn.